Ilẹ̀ Tó Ń Kọ́ Kòkòrò Àrùn Lẹ́kọ̀ọ́



Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní Ìṣẹ̀rì Olówóra ló bí ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Odò Ògùn kún wọ àdúgbò, irin sì gún ọmọ náà lẹ́sẹ̀ nínú omi. Ó ra kápúsù ní kẹ́mísì, ó lò ó tán, egbò kò san. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, wọ́n ní kòkòrò inú egbò náà kò gbọ́ ti oògùn mẹ́ta. Dókítà wá oògùn mìíràn fún un, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó sílé. Ó wá bi wá pé: "Ùsítáàsì, méjì nínú oògùn yẹn, n kò lò wọ́n rí. Níbo ni kòkòrò yìí ti mọ̀ wọ́n?"

Ìdáhùn tí gbogbo wa mọ̀ ni àṣìlò oògùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mìíràn wà nínú ilẹ̀.

Irin wúwo

Òjé inú bátìrì mọ́tò, bàbà inú wáyà, mákúrì inú gílóòbù gígùn: irin wúwo ni wọ́n. Ọmọ Kòṣọ́fẹ́ ni wá. A mọ Òwòdè Onírin, a sì mọ ààtàn Olúṣòṣùn ní Ọ̀jọ́ta. A ń rí ẹni tó ń sun wáyà, a ń rí ẹni tó ń da omi bátìrì sí gọ́tà. Ní Ògíjo, lẹ́yìn Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù, àyẹ̀wò fi òjé hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú ní 2025.

Ewé ń jẹrà, ìwé ń jẹrà, ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà. Èyí tí a dà sílẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò bá a níbẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Àìmọye bakitéríà ló ń gbé inú ilẹ̀. Bí irin wúwo bá dé, ó ń pa èyí tí kò ní ààbò. Àwọn díẹ̀ tó ní ààbò ló ń ṣẹ́kù, tí wọ́n sì ń bí sí i. Ọ̀nà méjì ni ààbò yìí fi kan oògùn.

Èkíní: àwọn kan ní ohun kan lára bíi pọ́ńpù, tó ń fa májèlé jáde. Pọ́ńpù kan náà lè fa irin jáde, kí ó sì fa oògùn jáde.

Èkejì: àbùdá tó ń kojú irin àti èyí tó ń kojú oògùn lè wà lórí ohun kan náà, tí wọ́n ń pè ní plasmid. Ẹ fi wé wàláà tí a kọ ẹ̀kọ́ méjì sí. Kòkòrò tó di wàláà náà mú nítorí irin, ó ti di ẹ̀kọ́ ti oògùn mú pẹ̀lú. Wọ́n sì máa ń dà á kọ fún ara wọn, títí kan irú mìíràn tó ń fa àrùn.

Ní Denmark, níbi tí wọ́n ti ń fi bàbà sí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, Henrik Hasman àti Frank Aarestrup fi hàn ní 2002 pé àbùdá tó ń kojú bàbà wà lórí plasmid kan náà pẹ̀lú èyí tó ń kojú oògùn erythromycin àti vancomycin.

Nítorí náà, bí a tilẹ̀ dín oògùn kù, irin inú ilẹ̀ kò ní jẹ́ kí kòkòrò ju wàláà náà nù. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́: ní 2019, àwọn kòkòrò tí oògùn kò ràn pa ènìyàn tó lé ní 1,200,000 káàkiri ayé.

Kí ni kí a ṣe?

1. Bátìrì tó kú, ẹ tà á ní odidi. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má da omi rẹ̀ sílẹ̀.
2. Ẹ má sun wáyà.
3. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn tàbí ọgbà mẹkáníìkì.
4. Bí ẹ bá fara pa nínú àgbàrá, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ lọ sí ọsibítù.
5. Ẹ má lo oògùn apakòkòrò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

A dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn pé: "Ìwọ kọ́ lo kọ́ kòkòrò yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ tí omi náà gbà kọjá ti kọ́ ọ kí ó tó dé ẹsẹ̀ rẹ." Ìmọ́tótó tí à ń kọ́ kò parí sí ara àti aṣọ. Ó kan ilẹ̀ tí a ń forí kàn.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí irin wúwo fi ń pẹ́ nínú ilẹ̀?
2. Ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí irin fi ń ran kòkòrò lọ́wọ́ láti kojú oògùn.
3. Níbo ni wọ́n ń da omi bátìrì sí ní àdúgbò rẹ? Ta ni ìwọ yóò bá sọ̀rọ̀?