Sàká Kọjá Ẹnubodè: Ojú Tí Òfin Ìsìláàmù Fi Wo Ọ̀rọ̀ Àwọn Yorùbá Abidjan

Ìfáárà
Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Abidjan jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí owó bá pé òṣùwọ̀n sàká, tí ọdún sì yí po lórí rẹ̀, ìbéèrè máa ń jẹyọ: ṣé tálákà Abidjan ló ni ín ni, tàbí ti ilé?

Ẹ̀rí láti inú ẹ̀sìn
Ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí Sūratu-t-Tawbah (9:60) kà sílẹ̀ kò ní orúkọ orílẹ̀-èdè kankan nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāh máa bá a) rán Mu‘ādh bin Jabal lọ sí Yemen, ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ wọn, kí wọ́n sì dá a padà fún tálákà wọn.

Abū ‘Ubayd ròyìn nínú Kitāb al-Amwāl pé ní ayé Khalīfah ‘Umar, Mu‘ādh fi ìdá kan nínú mẹ́ta sàká Yemen ránṣẹ́ sí Mẹ̀dínà. ‘Umar bá a wí pé òun kò rán an lọ gba owó-orí. Mu‘ādh fèsì pé òun kò rí ẹni tí yóò gbà á mọ́ níbẹ̀ ni. Lọ́dún kejì ó fi ìdajì ránṣẹ́. Lọ́dún kẹta, gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pípín kọjá ààlà ni ‘Umar kọ̀. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni kò fẹ́ kí wọ́n jẹ mọ́lẹ̀.

Ìdájọ́
Ní ìlànà Imām Mālik, ibi tí sàká ti di dandan àti àgbègbè rẹ̀ ni a ti ń pín in. Bí àìní bá pọ̀ jù níbòmíràn, a ó kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ síbẹ̀. Nítorí náà, kí oníṣòwò Treichville tàbí Adjamé kọ́kọ́ wo àyíká rẹ̀, kí ó sì wádìí dájú pé àìní ilé le jù kí ó tó fi ránṣẹ́. Owó oúnjẹ òbí tí kò ní lọ́wọ́ kì í ṣe sàká. Ojúṣe ọmọ ni. Ní ti sàráà, kò ní ẹnubodè.

Àfiwé
Lọ́dún 1976, Nàìjíríà dá owó àkànṣe kan sílẹ̀ ní Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Abidjan, láti máa yá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ṣe aláìní. Èlé wà lórí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ kéré, ẹ̀yáwó sì ni, nítorí náà a kò lè pè é ní sàká. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló bí: báwo ni tálákà ilé yóò ṣe fọwọ́ sí i nígbà tí ebi ń pa òun?

Ìgúnlẹ̀
Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí a kò rẹ́ jẹ nílé kò ní bínú sí ohun tó bọ́ sọ́wọ́ ará ìta. Allāh ló mọ̀ jù.