Ṣé Iye Iṣẹ́ Ló Yẹ Kó Pinnu Owó Nọ́ọ̀sì?

Lébìrà tó ń kọ ebè ní Ayétòrò mọ̀ pé iye ebè tí òun bá kọ ni owó òun yóò bá dọ́gba. Kò sí ohun tuntun ńbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ bá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí mu.

Wọ́n ti dán an wò nítòsí wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ètò kan tí Báńkì Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Oǹdó, àti ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Adamawa àti Nasarawa, kó tó tàn ká àwọn ìpínlẹ̀ náà. Obìnrin tó bá bímọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní iye tí wọ́n ń san lé e lórí. Ọmọ tó bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé náà ní tirẹ̀. Lóòrèkóòrè ni wọ́n ń ka ìwé àkọsílẹ̀. Wọn kò gba ìwé gbọ́ lásán o: àwọn kan ń lọ sílé ìyá ọmọ láti bi í bóyá lóòótọ́ ló bímọ síbẹ̀. Owó náà ń wọ àpò ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ pín ju ìdajì lọ bí àjẹmọ́nú. Ìyókù wà fún oògùn àti àtúnṣe.

Ibi tó kan àwa ará Ìlaró àti Ayétòrò nìyí. Ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ilé ìwòsàn gba nǹkan bí ìdajì irú owó náà, láìka iṣẹ́, láìsí àjẹmọ́nú. Ògùn, Benue àti Taraba kò gba nǹkan kan; àwa ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì ṣe dáadáa ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Lójú tèmi, owó tó dé ọwọ́ ilé ìwòsàn tààrà ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Ti Rwanda tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀, nígbà kan rí, dọ́là 4.59 ni wọ́n ń san lórí ìbímọ kan, nígbà tí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ aboyún kò ju sẹ́ńtì 9 lọ. Ìwádìí ọdún 2011 sọ pé ìbímọ nílé ìwòsàn fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iye aboyún tó pé ìbẹ̀wò mẹ́rin kò yí padà. Ibi tí owó bá wúwo sí ni ọwọ́ ń yá sí. Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ọ̀sì lè lọ mú aboyún wá lọ́jọ́ ìrọbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà, àti owó ọ̀kadà rẹ̀, ni ìbẹ̀wò mẹ́rin wà.

Ẹ wá ro àgbẹ̀ tí ejò bù jẹ lọ́nà Ìmẹ̀kọ. Bí kò bá sí lára iṣẹ́ tí wọ́n dá iye lé, ta ni yóò kọ́kọ́ dìde sí i?

Ẹni tó bá ní ilé ìwòsàn aládàáni, tó sì fẹ́ dán ètò yìí wò, kó kọ́kọ́ san owó oṣù déédéé, kó ra oògùn, kó sì fi oṣù mẹ́ta ka iṣẹ́ láìtíì dá iye lé e. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò ní mọ ohun tí owó tuntun náà fi kún un.