Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A BÁ Ń LỌ WO ETÍ ÒKUN ÌLÀJẸ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, òkun wà ní ìpínlẹ̀ tiwa. Mọ́tò á gbé wa dé Igbókòdá, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú tó mọ̀nà ṣíwájú. Ẹ rọra rìn, ẹ wo ẹyẹ, ẹ má sọ òkò.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a fi ń dá owó ọkọ̀ jọ ṣáájú?
Ìdáhùn: Ẹni tówó bá há mọ́ lọ́wọ́ ní èbúté ló ń gbà kí wọ́n kó èrò kún ọkọ̀. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò. Ẹ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó padà.