Kámẹ́rà onífíìmù tó bàjẹ́: Ṣé kéèyàn tún un ṣe ni, àbí kó ra òmíràn?

Ọ̀pọ̀ onífótò ló ní kámẹ́rà onífíìmù kan tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí kámẹ́rà ìgbàlódé ti gbòde. Àwọn mìíràn jogún tiwọn lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́. Nígbà tí oníbàárà kan bá wá ní fótò onífíìmù lòun fẹ́ níbi ìgbéyàwó òun, wọn á gbé kámẹ́rà náà jáde, wọn á sì rí i pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ohun àtijọ́ nìkan. Fótò onífíìmù kò ṣeé wò lójú ẹsẹ̀. Ó dìgbà tí wọ́n bá fọ fíìmù kí onífótò tó mọ̀ pé kámẹ́rà ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ìyàwó kò sì ní í tún ìgbéyàwó ṣe nítorí pé fótò kò jáde.

Àkọ́kọ́ ni kéèyàn mọ àìsàn tó ń ṣe kámẹ́rà náà. Nígbà mìíràn, kò tiẹ̀ bàjẹ́ rárá. Canon AE-1, tó jáde lọ́dún 1976, kò lè ya fótò kankan bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, nítorí agbára bátìrì ló ń darí ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù. Bátìrì tuntun lè jí i dìde. Bátìrì mẹ́kúrì onívolt 1.35 ni wọ́n ṣe Yashica Mat-124G fún, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Béèyàn bá fi onívolt 1.5 tòde òní sí i, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ lè máa ṣì í wọ̀n.

Àwọn àìsàn kéékèèké mìíràn wà. Fóòmù dúdú tó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kámẹ́rà máa ń jẹrà, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí ọ̀dà, ìmọ́lẹ̀ á sì máa yọ́ wọlé. Iṣẹ́ kékeré ni pípààrọ̀ rẹ̀. Níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀ sí bíi Nàìjíríà, ohun kan bí òwú aláǹtakùn máa ń hù nínú lẹ́ǹsì. Bí wọ́n bá tètè nù ún, ó ń lọ. Bó bá ti jẹ ojú gíláàsì, lẹ́ǹsì mìíràn ló kù.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ pààtì. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí dé 1997, àti Nikon FM2, tó jáde lọ́dún 1982, kò nílò bátìrì kí ṣọ́tà wọn tó ṣiṣẹ́. Irin àti sípíríìnì ló ń gbé e. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì fún un ní òróró. Ṣùgbọ́n bí èyí tó ń lo iná bá jóná nínú, ó di kí oníṣẹ́ yọ pààtì lára òkú kámẹ́rà mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀. Ó yẹ kí onífótò béèrè bóyá pààtì wà nílẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀.

Ìkẹta, ọ̀pọ̀ gbàgbé pé òmíràn tí wọ́n fẹ́ rà náà ti darúgbó. Lóòótọ́, Leica dá M6 padà sọ́jà lọ́dún 2022, Pentax náà gbé Pentax 17 jáde lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n irú àwọn tuntun bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àlòkù ló pọ̀ jù lọ́jà. Fóòmù tiẹ̀ náà lè ti jẹrà, òróró inú rẹ̀ lè ti gbẹ. Ẹni tó sá fún owó àtúnṣe lè tún padà san án.

Ká ṣe ìṣirò kan. Ká sọ pé N60,000 ni oníṣẹ́ pè é, N150,000 sì ni irú kámẹ́rà náà tó ń ṣiṣẹ́. Bí onífótò bá lè ta èyí tó bàjẹ́ ní N30,000, yóò fi N120,000 kún un kó tó lè ra òmíràn. Bó bá ń jèrè N20,000 lórí iṣẹ́ onífíìmù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn owó fíìmù àti owó fífọ̀, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni yóò fi rí owó àtúnṣe padà. Bó bá ra òmíràn, ó di iṣẹ́ mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń wọlé lọ́dún, àtúnṣe kò pé, òmíràn kò sì pé. Kó gbé kámẹ́rà náà sórí pẹpẹ fún ẹ̀ṣọ́, kó fi owó rẹ̀ sídìí ohun tó ń mú oúnjẹ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún télọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ àti ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta tó ti gbó. Iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń mú wọlé ló ń sọ iye tó yẹ kéèyàn ná lé e lórí.

Èyí tó bá wù kí onífótò ṣe, kó ya odidi fíìmù kan fi dán kámẹ́rà náà wò, kó fọ̀ ọ́, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó fíìmù kan kò tó owó tí wọ́n máa dá padà fún ìyàwó tí inú ń bí.