Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn Mì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní ìdájí wá sí abẹ́ bíríìjì Òṣòdì, ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ní Máfolúkù, ẹ̀yin ìyá ọmọ tí ẹ ń pọn ọmọ lọ sọ́jà ní Bólàdé, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ ṣe ń tọ́jú ara yín ń kọ mí lóminú. Ẹ tètè máa ń ra oògùn, ẹ kì í tètè wádìí àìsàn.

Ara ẹnìkan á gbóná, orí á máa fọ́ ọ, oríkèé á máa ro ó. Lójú ẹsẹ̀, á ní ibà ni, tàbí kó ní ibà àti táífọ́ọ̀dù, bí ẹni pé ìbejì ni àwọn méjèèjì. Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn: “Ẹ bá mi po oògùn ibà.” Wọ́n á kó oríṣiríṣi hóró sínú bébà, ó di gbígbé mì. Àwọn àgbà ní ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Òótọ́ ni níbi púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ara gbígbóná. Ẹ̀fọn lè fà á. Òtútù àyà lè fà á. Àrùn inú ìtọ̀ lè fà á, ọ̀nà ọ̀fun tó wú náà lè fà á. Bí àìsàn Lassa pàápàá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà tó mọṣẹ́ jù lọ kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdí rèé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń sọ ọ́ láti ọdún 2010 pé kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Wọ́n á gún yín níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín sórí ike pẹlẹbẹ kan, kó tó tó ìdajì wákàtí èsì ti dé. Bó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, oògùn tó ní artemisinin nínú ni kí ẹ lò; ọdún 2005 ni ìjọba ti pa chloroquine tì, nítorí pé kòkòrò ibà kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kí ẹ lò ó. Bí ara bá fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ má tọ́jú ìyókù de àbúrò yín. Bí èsì bá sì ní kì í ṣe ibà, inú mi dùn fún yín, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn tí kò kàn yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó wá ohun tó fà á.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Widal, àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣe káàkiri àdúgbò. Láti ọdún 1896 ló ti wà, ó sì lè ní ẹnìkan ní táífọ́ọ̀dù nígbà tí kò ní in rárá. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n wo kòkòrò tó máa hù níbẹ̀.

Ẹ mọ ọkùnrin tó máa ń dìde dúró nínú ọkọ̀, tí á gbàdúrà fún gbogbo èrò, tí á wá yọ oògùn jáde: ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, ó ń wo àìrọ́mọbí. Òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba kíkiri oògùn nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì. Dora Akunyili, tó di ọ̀gá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní 2001, mọ ohun tí oògùn burúkú ń ṣe. Ayédèrú ínsúlìnì ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988. Nígbà tó gbógun ti àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn, àwọn kan yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọta sì la gèlè orí rẹ̀ kọjá. Ìyá yẹn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ Òṣòdì tó ń nawọ́ owó sí oògùn inú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ gìrì. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi iná jó ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà. Mo mọ̀ pé ìyá àwọn ìyá yín lò ó. Àwọn dókítà ọmọdé ti wádìí àgbo yẹn tipẹ́: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ọmọ á sùn, kò ní jí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ọmọ tó ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí kò lè mu ọyàn mọ́, bákan náà ni. Ẹ má dúró de ọkọ. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, omi ORS àti zinc ni, kì í ṣe káńsúùlù.

Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò ó, a sì fún pọ̀ nínú dánfó débi pé ikọ́ ẹnìkan ti di ti gbogbo èrò.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn. Ẹ lè gbé e kiri láìsí orí fífọ́ kankan títí ara á fi rọ lápá kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bó bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ti ní in nìyẹn. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù, ẹ fi pàrágà sílẹ̀, kí ẹ má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara yá.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ tàbí ilé ìwòsàn àdúgbò yín, ẹ kó páálí gbogbo oògùn tí ẹ ti lò sínú nálọ́ọ̀nù kan, kí ẹ kó o fún dókítà. Bí ẹ bá mu àgbo, ẹ sọ ọ́, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú.