Ara Bàbá Yá, Ọkàn Rẹ̀ Kò Yá: Ìrẹ̀wẹ̀sì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Pírọ́sítéètì

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí àìsàn kan tí àwọn ọkùnrin wa kì í fẹ́ dárúkọ níwájú ènìyàn. Kí àwọn ìyá wa náà má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí àwọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i.

Pírọ́sítéètì jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan lára ọkùnrin, kò ju ẹyọ àwúsá kan lọ. Ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì la àárín rẹ̀ kọjá. Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, ó lè máa wú. Wíwú lásán kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lè mú un, àwa ènìyàn dúdú sì wà lára àwọn tó ń mú jù. Bí wọ́n bá tètè rí i kó tó tàn jáde, dókítà lè gé gbogbo ẹṣẹ́ náà kúrò. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1904 ni Hugh Hampton Young ṣe é ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ náà ni Patrick Walsh, ní ọdún 1982, ti fi hàn bí a ṣe lè ṣe é láì gé àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń fún ọkùnrin lágbára lọ́dọ̀ aya rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rọ́bà máa ń wà lójú ara fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ìtọ̀ á máa jò, pàápàá bí ènìyàn bá wúkọ́, tó rẹ́rìn-ín, tàbí tó gbé ẹrù. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, jíjò yìí máa ń dínkù láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan. Agbára ọkùnrin máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ. Ó lè tó ọdún méjì, ti ẹlòmíràn kì í sì padà tán. Àtọ̀ kò ní jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń kúrò ní ọsibítù láì sí ẹni tó là á yé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kan, tó ti ń tajà ní Sábọ̀n Gàrí fún ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Ẹgbẹ́ ṣe àdúà fún un, àwọn ará ilé rán ìkíni wá láti Ọ̀fà. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé, "Alàájì, ẹ kú oríire." Òun náà mọ̀ pé oore ni, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, kò rí ìdí tí òun fi fẹ́ dìde. Ó ń gbọ́ òórùn ìtọ̀ lára aṣọ rẹ̀. Bóyá òórùn wà, bóyá kò sí. Kò lọ sí Jímọ̀ mọ́. Ó ní kí ọmọ máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí ìyàwó bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó jágbe mọ́ ọn. Ní ìdálẹ̀ tí a wà yìí, kò sí ẹ̀gbọ́n nítòsí tó lè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ rò pé owó ni kò sí. Èyí tó sì ń dùn ún jù ni pé ó ka ara rẹ̀ sí aláìmoore sí Ọlọ́hun.

Ohun tó ń ṣe é ní orúkọ. Bí inú ènìyàn bá bàjẹ́, tàbí tí ohun tó máa ń gbádùn kò dùn mọ́ ọn mọ́, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun dàrú, tí oúnjẹ kò wù ú, tó ń rẹ̀ ẹ́ láì ṣiṣẹ́, tó ń rò pé òun kò wúlò mọ́, àwọn dókítà á ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Lára ọkùnrin, ẹkún kọ́ ló sábà máa ń ṣáájú. Ìbínú ni, tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tàbí kó máa sá fún ènìyàn.

Nígbà mìíràn, ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn, wọ́n lè yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Charles Huggins ló fi ọ̀nà yìí hàn ní ọdún 1941, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1966. Ó ń dá jẹjẹrẹ dúró, ṣùgbọ́n omi ara tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin á gbẹ. Ooru á máa mú un lójijì, àárẹ̀ á dé, inú rẹ̀ á sì máa bàjẹ́ láì sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Kí aya tó bá rí èyí má ṣe rò pé òun ló bínú sí.

Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló rẹlẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yẹn kò dára. Ànábì Yakubu sunkún Yusufu títí ojú rẹ̀ fi funfun, Àlùkùránì ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ọdún tí Ànábì wa pàdánù Kadija àti Abu Talibi, ọdún ìbànújẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ọ̀rọ̀ àlùwàlá ló ń lé ọ̀pọ̀ kúrò ní mọ́sáláásí, ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Ìtọ̀ tó ń jò fúnra rẹ̀, tí ènìyàn kò lè dá dúró, kò ní kó má kírun. Kó fọ ara rẹ̀, kó fi páḿpáàsì tàbí aṣọ mímọ́ dì í, kó ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kó sì kírun. Èyí tó bá jò lẹ́yìn náà kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó jọ èyí ni Ànábì kọ́ obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá. Ní ìlànà Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, bí jíjò náà bá ń wá nígbà púpọ̀ jù lọ, kò tilẹ̀ ba àlùwàlá jẹ́. Títún un ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan ló dára jù. Kí ó bi ààfáà rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin ààfáà, ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè. Ẹ sọ ọ́ nínú wáàsí.

Ìdárayá kan wà tó ń dín jíjò kù. Kí ó fún iṣan ìsàlẹ̀ ara pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ tàbí ìsó dúró, kó kà dé mẹ́wàá, kó tú u sílẹ̀, kó ṣe é nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kò gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tí rọ́bà ṣì wà lójú ara. Kí ó má fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ nítorí jíjò, torí ìtọ̀ tó bá ki máa ń ta àpò ìtọ̀. Kó dín gooro kù, tíì náà. (Mo mọ̀ pé gooro nira láti fi sílẹ̀ ní ìlú tí a wà yìí.)

Ní ti yàrá tọkọtaya, ẹnu ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò. Ìfẹ́ ṣì wà láì sí agbára, ṣùgbọ́n bí ọkọ bá yí ẹ̀yìn padà láì sọ ìdí, ìyàwó á rò pé ọkàn rẹ̀ ti wà níbòmíràn. Nílé olóbìnrin méjì, ìjà ló máa dà. Àwọn oògùn wà tí dókítà lè kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn àyà kan, irú Viagra lè pa á. Kó sì jìnnà sí burantaṣi àti àgbo ẹ̀gbẹ́ títì.

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì náà bá wọlé gan-an, ó ní ìtọ́jú: kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jókòó bá a sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí oògùn, tàbí méjèèjì. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ tún lè dín agbára ọkùnrin kù, nítorí náà kó rán dókítà létí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Bárnáwá ní Kàdúná, ní Kwárè lẹ́bàá Sókótó, àti ní Màídúgùrì. Dókítà irú àìsàn yìí sì wà ní ọsibítù yunifásítì Kánò, Sáríà àti Jọ́ọ̀sì. Wèrè nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò.

Bí bàbá bá ní "ó sàn kí n kú," ẹ má kàn dáhùn pé èèwọ̀ ni. Ẹ bi í bóyá ó ti ń ronú ohun tó máa fi ṣe é. Bíbi í kò ní ti èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun kan kù tí àwọn ọmọ kì í sábà mọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bàbá á máa lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA ní oṣù mélòó kan síra, láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ti padà. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, oorun lè dá lójú rẹ̀, kó máa jágbe mọ́ ẹni gbogbo. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Kí ọmọ kan bá a lọ, kó jókòó tì í títí èsì yóò fi jáde.