Ìfẹ́-Ọkàn Tí A Gbé Síwájú Ọlọ́run àti Èyí Tí A Rì Mọ́lẹ̀

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

Bíbélì Kíkà: Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní 1:9-18, Jóṣúà 7:19-21, Jákọ́bù 1:12-15

Àkọ́sórí: Orin Dáfídì 37:4 (kí gbogbo wa kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta)

Ìdí Ẹ̀kọ́: Kí á lè mọ̀ pé níní ìfẹ́-ọkàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbé e sí ni yóò fi hàn bóyá a jẹ́ olóòótọ́ sí Ọlọ́run.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ Ìkọ̀tún ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ojú àwọn obìnrin tí ń kọjá. Èyí ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ìyẹn ń wá ọmọ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan ti ra ilẹ̀ sí Ìgàndó, kò rí owó bílọ́ọ̀kù. Òmíràn ní ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò ní àlàáfíà nínú rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́ wa yìí. Ó dá mi lójú pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ nǹkan kan.

Àwọn kan máa ń kọ́ wa pé Kristẹni tòótọ́ kò gbọdọ̀ fẹ́ ohunkóhun. Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run tí ó dá ebi náà ni ó dá oúnjẹ. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa lónìí ni èyí: ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ yìí, níbo ni mo gbé e sí? Ṣé ọwọ́ Ọlọ́run ni, àbí abẹ́ ilẹ̀?

1. HÁNNÀ GBÉ TIRẸ̀ SÍWÁJÚ ỌLỌ́RUN

Gbogbo wa mọ ìtàn Hánnà. Ó fẹ́ ọmọ. Orogún rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún, ó sì ń sunkún débi pé kò lè jẹun. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kan nínú orí yẹn tí Ọlọ́run ti bá a wí pé, èéṣe tí o fi fẹ́ ọmọ.

Kí ni ó ṣe? Ó gbé ẹdùn ọkàn rẹ̀ lọ sí ilé Olúwa, ó sì tú u jáde níbẹ̀. Nígbà tí Élì rò pé ó ti mutí yó, Hánnà kò bínú jáde, kò sì purọ́. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún àlùfáà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tí ó ń fẹ́, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ìbànújẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀, kò fi pamọ́ fún ìránṣẹ́ Ọlọ́run.

Ẹ wá wo ẹsẹ 18 dáadáa, nítorí a máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Hánnà lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fajúro mọ́. Ní ọjọ́ yẹn, kò tíì lóyún! Sámúẹ́lì kò tíì sí. Orogún rẹ̀ ṣì wà nílé. Ohun tí ó yí padà ni pé ẹrù náà ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti wà lọ́wọ́ Ẹni tí ó lè gbé e. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ ń dúró de ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́-ọkàn yín ni ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ẹ máa gbé e wá. Àwa tí a ti bímọ, kí á ṣọ́ ẹnu wa, kí á má baà di Pẹ̀nínà nínú ẹgbẹ́.

2. ÁKÁNÌ RI TIRẸ̀ MỌ́LẸ̀

Ní Jẹ́ríkò, Ákánì rí ẹ̀wù Bábílónì kan tí ó dára, igba ṣékélì fàdákà, àti wúrà tí ó wọn àádọ́ta ṣékélì. Nínú ìjẹ́wọ́ rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni ó wà: ó rí i, ó wù ú, ó mú un, ó rì í mọ́lẹ̀ láàárín àgọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa, kí ni ìwúlò ẹ̀wù tí a kò lè wọ̀ jáde? Ó ti di olówó, kò sì lè ná an. Ó ń sùn lórí ohun tí ó fẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á kí ilẹ̀ má là. Àwọn ọkùnrin 36 sì kú ní Áì tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan kì í mọ sí inú àgọ́ rẹ̀.

Ìyàtọ̀ Hánnà àti Ákánì kò sí nínú pé ọ̀kan fẹ́ nǹkan, èkejì kò fẹ́. Àwọn méjèèjì ni ó fẹ́. Ṣùgbọ́n Hánnà lè sọ tirẹ̀ jáde. Ti Ákánì kò ṣeé sọ, àfi ìgbà tí a mú un.

Jákọ́bù sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí bí agbẹ̀bí. Ó ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ a máa lóyún, a sì bí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá dàgbà tán, ikú ni òun náà ń bí. Ẹni tí ó ti bímọ rí mọ̀ pé oyún kì í pariwo ní oṣù kìíní. Àwọn baba wa sì ní, bí ikú ilé kò pani, ti òde kò lè pani. Èṣù kàn ń ti ilẹ̀kùn tí àwa fúnra wa kò há ni.

3. OHUN TÍ OJÚ TÈMI RÍ

Ẹ̀yin náà rántí MMM ní ọdún 2016. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé tí wọ́n ṣèlérí lóṣooṣù: ẹni tí ó bá fi ₦100,000 sí i, ₦130,000 ni yóò gbà. Kò sí ọjà tí wọ́n ń tà, kò sí oko tí wọ́n ń dá. Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tí ó ti wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún náà, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjìlá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá rò pé a ti kọ́gbọ́n, kí ó rántí CBEX tí ó ṣe bákan náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, òun tí ó ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kò kó sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo kó sí òmíràn tí n kò ní dárúkọ. Mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún 2018. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi dé, ilé wa ní Ìgàndó kò tíì ní òrùlé. Ìfẹ́ páànù gbà mí lọ́kàn. Mo kó ₦400,000 lé wọn lọ́wọ́, n kò sì sọ fún baba àwọn ọmọ mi. Ní oṣù kìíní wọ́n san èlé. Ní oṣù kejì wọ́n ní kí n fi owó kún un kí èlé náà lè pọ̀ sí i.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa nígbà náà. Owó aṣọ ọdún ẹgbẹ́, ₦186,000, wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ nínú ara mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, èmi yóò dá a padà, èmi yóò tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un fún iṣẹ́ Olúwa. Ẹ ò rí bí ojúkòkòrò ṣe ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì! Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí, n kì í yọ owó láìkọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo mú bírò, mo kọ déètì. Mo wá fẹ́ kọ ohun tí mo fi owó náà ṣe. Kí ni kí n kọ? Bí mo bá kọ òótọ́, ìtìjú ni. Bí mo bá kọ irọ́, mo ti di olè. Ọ̀kánjúwà àti olè, déédéé ni wọ́n jẹ́. Mo jókòó níbẹ̀ títí iná fi lọ, mo sì dá owó náà padà sínú àpò rẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ yọ. Ti tèmi lọ pátápátá ní oṣù kejì náà. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń sọ fún ọkọ mi pé páànù ti wọ́n lọ́jà. Àgọ́ Ákánì ni ilé mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Mò ń gbàdúrà, àdúrà kò kọjá àjà. Nígbà tí n kò lè gbé e mọ́, mo kúnlẹ̀ fún un, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Ìyá Ìbejì, owó náà dùn mí. Ṣùgbọ́n pé o ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú irú ẹrù yìí, ìyẹn ló dùn mí jù.” Ọdún méjì sí i ni a tó kan páànù náà. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí oorun sùn.

4. ÌFẸ́ RERE PÀÁPÀÁ NÍLÒ ÌJÁNU

Ẹnìkan lè ní, “Tèmi kò jẹ mọ́ owó ara mi, iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ń fẹ́.” Ẹ jẹ́ kí á wo baba kan nínú ìjọ tiwa. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí ìhìnrere Mẹ́tọ́díìsì fi wọ ilẹ̀ wa. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ dé etíkun Gold Coast ní ọdún 1838, ìyàwó rẹ̀ kú kí oṣù méjì tó pé, síbẹ̀ kò padà sí ilé. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá fẹ́ iṣẹ́ Olúwa, ti Freeman fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ iṣẹ́ náà mú un ná owó ju èyí tí àwọn tí ó rán an fọwọ́ sí lọ, ọ̀ràn ìṣirò owó sì mú kí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1857. Kì í ṣe olè. Iṣẹ́ ni ó ń lé, ìwé owó sì ń ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ó lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Accra. Ní ọdún 1873, ìjọ gbà á padà sí iṣẹ́ ìwàásù, ó sì sìn dọ́jọ́ ogbó kí ó tó sùn nínú Olúwa ní Accra ní ọdún 1890.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí níbẹ̀. Èkínní, ìfẹ́ rere kò ní kí á má ṣírò owó. Èkejì, ẹni tí ó kọsẹ̀ lè padà. Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ti jẹ gbèsè ẹgbẹ́, tí ìtìjú kò jẹ́ kí ẹ wá sí ìpàdé mọ́, ẹ padà wá. Kí àwa náà má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

5. BÍ A ṢE LÈ ṢE É

(a) Ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run bí ó ti rí. Ẹ má fi àdúrà gbogboogbò bò ó mọ́lẹ̀. Bí owó ni, ẹ pè é ní owó. Bí ó jẹ́ pé ọkàn yín ń fà sí ọkọ ẹlòmíràn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Un lórí eékún yín kí oyún náà tó dàgbà.

(b) Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ní ọdún 1742, ní ìlú Bristol, gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn àwọn ará Mẹ́tọ́díìsì. Wọ́n pinnu pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan sì máa gbà á lọ́wọ́ ènìyàn mọ́kànlá. Bí àwọn agbowó ti ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n rí bí àwọn ará ti ń gbé, èyí tí ó ń mutí àti èyí tí ó ń bá aya rẹ̀ jà. John Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Ibẹ̀ ni kíláàsì wa ti bẹ̀rẹ̀. Kí kíláàsì má kàn jẹ́ ibi tí a ti ń san owó kíláàsì nìkan. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ arábìnrin rẹ̀, kí ó má gbé e lọ sí ọjà Ìkọ̀tún.

(d) Ẹ fi í sínú májẹ̀mú. Láti ọdún 1755 ni Wesley ti bẹ̀rẹ̀ ìsìn májẹ̀mú tí a ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, níbi tí a ti ń sọ fún Ọlọ́run pé bí Ó bá fi fún wa, tiRẹ̀ ni; bí Ó bá sì gbà á, tiRẹ̀ náà ni. Ní oṣù Kìíní tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù dárúkọ ohun kan náà gan-an nínú ọkàn rẹ̀ kí ó tó sọ pé Àmín.

ÌPARÍ

Àkọ́sórí wa kò kọ́kọ́ sọ nípa ìfẹ́ inú wa. Inú dídùn sí Olúwa ni ó ṣáájú. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí Olúwa kò ní ṣàìfẹ́ nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan tí yóò máa rì mọ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú ojú Hánnà túká kí ó tó lóyún?
2. Ìṣísẹ̀ wo nínú mẹ́rin ti Ákánì ni ó rọrùn jù lọ láti dúró sí kí á sì yí padà?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè ran akápò lọ́wọ́ kí ìdánwò má baà bá òun nìkan?
4. Ǹjẹ́ arábìnrin kan lè sọ àṣìṣe rẹ̀ ní àárín wa láìsí pé ó di orin? Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ni a ó ṣe?

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ mọ ohun tí a ń fẹ́ kí a tó sọ ọ́. A hú èyí tí a rì jáde lónìí, a kó o wá síwájú Rẹ. Fún wa ní èyí tí ó bá yẹ wá, gba èyí tí yóò pa wá lọ́wọ́ wa, kí O sì jẹ́ kí á jẹ́ olóòótọ́ dé òpin. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.